Ẹ̀wọ̀n Màlúù Gun Òkè Yìnyín

Ìdìde lásán ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Metod kò jalè, kò purọ́, kò sì wo obìnrin mìíràn. Ó kàn dìde lórí àga ni, ó fẹ́ gba ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, nítorí ó rí i pé ìkòkò náà wúwo. Ẹni tó bá gbọ́ ọ níbòmíràn á ní ọmọ náà láájò. Ṣùgbọ́n nílé Vendelin Hanko, bàbá àfẹ́sọ́nà náà, ní ìlú Trnava, ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésì, ìyá ilé nìkan ló lè dìde nídìí tábìlì. Bí ẹlòmíràn bá dìde kí oúnjẹ tó parí, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó kò ní bá wọn jókòó lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí Vendelin fi máa ń fi ẹ̀wọ̀n irin tí bàbá àgbà tirẹ̀ fi ń so màlúù yí ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, kí ìdílé má bàa tú ká.

Síbí Vendelin dúró láàárín àwo àti ẹnu.

"Jókòó," ni Dorota, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, sọ wúyẹ́wúyẹ́, ó fa aṣọ Metod. "Jọ̀ọ́, jókòó."

"Kí ni mo ṣe?"

Bàbá àgbà Dorota, tó jẹ́ bàbá tó bí Vendelin, ló rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jẹun ẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n kọrin, wọ́n sùn. Nígbà tó di oṣù kẹfà, bàbá àgbà sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì jí mọ́.

Arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni, àìsàn ọkàn sì ti ń bá a fínra láti ọjọ́ pípẹ́. Dorota mọ̀ bẹ́ẹ̀, dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Metod gbé òdòdó àti ìgò ọtí èso wá lóṣù kẹsàn-án láti tọrọ ìyàwó, Vendelin kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó bọ́ kóòtù.

"Ọmọkùnrin, mi ò bá ẹ jà o," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó o dìde nídìí tábìlì mi, bàbá mi ló bá ẹ dìde. Gba ọtí ẹ."

Metod gba ìgò náà, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Dorota dúró lójú fèrèsé títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀ títì. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ dé góńgó, ó sì fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí, kò sì mọ èwo ni kí òun ju sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Iléèwé ni wọ́n ti pàdé. Dorota ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, Metod ń kọ́ wọn ní ìtàn. Nígbà òtútù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n kó àwọn ọmọ kíláàsì keje lọ kọ́ síkì, eré fífi pákó yọ̀ lórí yìnyín, bí gbogbo iléèwé ti ń ṣe. Metod, tí kò tẹ síkì rí láyé rẹ̀, di irin tó ń fa èèyàn gòkè mú, ó ṣubú kí ó tó gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀. Irin ń wọ́ ọ lọ lórí yìnyín pẹ̀lú àyà, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké pé, "Ẹ jù ú sílẹ̀, Tíṣà!" Òkè pátápátá ni Dorota ti bá a, yìnyín kún ọrùn aṣọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò jù ú sílẹ̀?"

"Ẹ ní kí n dì í mú," ni ó dáhùn. "Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé èèyàn lè jù ú sílẹ̀."

Dorota rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín náà máa fi parí, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Bó ṣe rí náà nìyẹn lọ́rọ̀ tábìlì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Otilia, ìyá tó dá nìkan tọ́ ọ, jẹ́ agbowó-ọkọ̀ nínú rélùwéè, gbogbo alẹ́ tó ṣáájú Kérésì ló sì máa ń bá a lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ó ń bá àwọn tó ní ọkọ gba iṣẹ́ alẹ́ náà ṣe. Ọwọ́ aládùúgbò ni Metod ti ń jẹun alẹ́ náà, tàbí kó jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró nínú ilé ìdáná. Ibo ni ìwọ̀nyẹn á ti rí ẹ̀wọ̀n so mọ́ tábìlì?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá àgbà Ruzena, tó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ gan-an ló kú, ló gba iṣẹ́ alárinà. Lọ́jọ́ Sunday kan nígbà tí ewé ti ń wọ́ dànù, ó kan àwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú fọ́ọ̀kì.

"Mi ò ní jókòó nínú ilé yìí ní Kérésì kí n máa wo àga ọkọ mi," ni ó wí. "Yìnyín ni mo fẹ́ rí. Trnava yìí ò ní nǹkan kan mọ́ ju ẹrẹ̀ lọ. Ẹ gbé mi lọ sórí òkè. Metod àti ìyá ẹ̀ á bá wa lọ."

"Màmá," ni Vendelin wí, "ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí òkè nígbà Kérésì? Ṣé kí n ta mọ́tò ni?"

"Tà á. Òun náà ti ń wúkọ́ bíi tèmi."

Jolana, ìyàwó Vendelin, gbé ojú sílẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Vendelin wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Kò lè kọ̀ fún opó tó wọ dúdú sọ́rùn, ó sì wá ọ̀nà tí kíkọ̀ náà fi máa wá láti ibòmíràn.

"Ó dáa. Kí Dorota àti bọ̀bọ́ ẹ̀ lọ wá ibẹ̀. Ibi tí agbára wa ká, tí àwọn ọmọ Bronka ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti lè kọ́ síkì, tí Màmá ti lè jókòó wo yìnyín, tí a ó ti máa dáná fúnra wa. Kí gbogbo wa sì lè yí tábìlì kan ṣoṣo ká. Tí wọ́n bá rí i, màá bá ọmọ náà jókòó. Tí wọn ò bá rí i, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹ̀ létí mi mọ́."

"Mo gbọ́," ni Dorota wí.

Bí iṣẹ́ bá ti parí níléèwé, òun àti Metod á lọ jókòó sí ilé tíì kan, wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà sáàárín. Wọ́n kọ́kọ́ wo àwọn òkè ńláńlá, ibi tí àwọn olówó ń lọ. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ mú kí Dorota pa kọ̀ǹpútà dé bí ẹni tó rí ejò. Wọ́n wo Austria. Owó tí ọmọdé kan máa san láti gun òkè lóòjọ́ tó bọ́ ilé odindi ọjọ́ méjì. Wọ́n rí ilé kan tí owó rẹ̀ kéré gan-an, inú rẹ̀ dára, ó ku díẹ̀ kí wọ́n sanwó, kí Metod tó pè wọ́n lórí fóònù. Òkè síkì wà ní abúlé kejì, bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésì. Èyí tó tún tẹ̀lé e kò ní ibi ìdáná, òmíràn kò sì ní ọ̀nà pẹrẹsẹ kankan fún ọmọdé, gàgàrà ni gbogbo rẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ fọwọ́ síwèé ní kọ́ọ̀tù," ni Metod wí lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ ẹ́. "Èmi, ìwọ, ẹlẹ́rìí méjì. Ó parí."

"Kí n wá máa wọ ilé bàbá mi bí àlejò?"

"Àlejò lèmi ti jẹ́ níbẹ̀, mi ò tíì kú." Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "Dorota, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìwọ náà gbà pé èmi ni mo pa bàbá àgbà?"

Ó yẹ kó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kò dáhùn. Kì í ṣe pé ó gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n náà, ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá gbọ́ látìgbà ọmú kì í tètè kúrò nínú ẹni. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Metod ti wọ kóòtù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà le. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n ń kí ara wọn bí ẹni tó pàdé nílé ìfìwéránṣẹ́. Tí Dorota bá délé, á tan kọ̀ǹpútà, á tẹjú mọ́ ọn, kò sì ní rí nǹkan tó ń wò. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé òun kò ti pàdánù ọkùnrin rere nítorí ọ̀rọ̀ kan tí òun kò lè sọ.

Ọjọ́ Friday ni Metod dúró dè é lẹ́nu géètì, imú rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù.

"Mo ti rí ibi tí a ti ń ṣì í," ni ó wí, kò kí i. "Lẹ́yìn Kérésì ni gbogbo ayé ń lọ. Ìgbà yẹn ni owó ń fò sókè. Ṣáájú Kérésì, kò sẹ́ni tó ń lọ, torí pé gbogbo wọn wà nílé, wọ́n ń so tábìlì. Tí a bá lè jẹun alẹ́ yẹn lórí òkè, ìdajì owó ni."

"Ta ló máa gbà wá lálẹ́ yẹn?"

"Mo ti pè wọ́n. Jedlinka. Àfonífojì kékeré kan ni, irin ìfanigòkè méjì péré, òkè àwọn ọmọdé sì wà níwájú ilé gan-an. Obìnrin tó ni ilé bi mí pé, 'Lálẹ́ yẹn kẹ̀? Ṣé ẹ ò nílé ni?'"

Dorota fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Metod, ìwọ kọ́. O ò pa ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"O ti sọ ọ́ báyìí," ni ó wí, ó sì fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nu omijé ojú Dorota.

Vendelin gbọ́ ọ̀rọ̀ Jedlinka látòkèdélẹ̀, kò sì rí àléébù kan. Ó bèèrè pé tábìlì ńkọ́. Dorota ní onílé sọ pé tábìlì wà tó gba èèyàn mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó ronú láti bèèrè iye ẹsẹ̀ tó ní. Bàbá náà lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, ó gbé ẹ̀wọ̀n màlúù wá, ó dì í sínú àpò, ó sì gbé e sẹ́yìn mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá tí ẹja Kérésì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú àìsùn Kérésì ni wọ́n gbéra, mọ́tò méjì. Vendelin, Jolana àti Ìyá àgbà wà nínú kan pẹ̀lú Bronka, ẹ̀gbọ́n Dorota, àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí wọ́n há mọ́ra. Dorota, Metod àti Otilia wà nínú kejì. Látìgbà tí Otilia ti ń bá rélùwéè ṣiṣẹ́, ọdún yìí ló kọ́kọ́ ní kí ẹlòmíràn bá òun gba iṣẹ́ alẹ́ yẹn. Kí wọ́n tó dé ẹnu abúlé, òkè gíga kan wà, ibẹ̀ ni mọ́tò Vendelin kọ̀ tó ní òun ò lọ mọ́. Táyà ń yí lójú kan, ẹja ń ta omi sí Bronka lẹ́sẹ̀.

"Mo sọ fún un kó ra ẹ̀wọ̀n táyà tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀ lórí yìnyín," ni Jolana wí. "Ó ní yìnyín ti tán láyé."

Metod tú ẹ̀wọ̀n kúrò lára táyà tirẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sínú yìnyín, ó sì so ó mọ́ táyà Vendelin. Mọ́tò tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà nísàlẹ̀, òun, Dorota àti Otilia sì fi ẹsẹ̀ rìn dé òkè. Vendelin ní, "O ṣeun," ṣùgbọ́n yìnyín ló ń wò bó ti ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ilé náà, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n táyà kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lóde kí omi rẹ̀ lè ro.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ rekete. Kò séèyàn lórí òkè bí kò ṣe àwọn. Àwọn ọmọ Bronka ṣubú títí wọ́n fi yé ṣubú. Otilia, tí Dorota ń di lápá mú, ń sọ pé rélùwéè tilẹ̀ ní bíréèkì. Ìyá àgbà jókòó níwájú ilé pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti tíì tí wọ́n fi ọtí sí, ó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Vendelin gan-an kò ṣe síkì látìgbà tí fákítọ́rì ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sórí òkè láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí. Ó ń bọ̀ látòkè jẹ́jẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tó rí ohun kan tí irin ń wọ́ lọ sókè lórí ikùn.

"Ṣé ọmọ yìí kì í ju nǹkan sílẹ̀ ni?"

"Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, Bàbá," ni Dorota dáhùn, "mi ò rí i kó ju nǹkan sílẹ̀ rí."

Bàbá náà ṣe "ùn," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Dorota rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì, ẹ̀rín ló ń rín. Ìrètí wọ inú rẹ̀ nígbà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù ìrètí náà.

Nígbà tí òòrùn ń wọ̀, Vendelin gbé àpò ẹ̀wọ̀n wá, ó kúnlẹ̀, ó ká aṣọ tábìlì sókè. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn.

Tábìlì roboto ni. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní láàárín, kìtì bí odó.

Ó fi ẹ̀wọ̀n yí i ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dà bíi pé wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Vendelin tú u, ó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"A ò ní jẹun níbí," ni ó wí. "Lọ́dún tó kọjá, a jẹun nínú ẹ̀wọ̀n, ẹ sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé ká wá jẹ tọdún yìí láìsí ẹ̀wọ̀n rárá?"

Kò sẹ́ni tó wo Metod, àìwò náà sì burú ju kí wọ́n wò ó lọ. Dorota wo ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà. Gbogbo ibi tí wọ́n wá, gbogbo ìrìn yẹn, ẹsẹ̀ tábìlì ló máa bà á jẹ́.

"Bàbá," ni Metod wí jẹ́jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà. "Tí tábìlì ò bá ní ẹsẹ̀, àwọn àga ní. Ẹ fi yí àwọn àga ká."

Vendelin mú ẹ̀wọ̀n nílẹ̀. Wọ́n to àga mẹ́wàá yí tábìlì ká, ìkẹwàá jẹ́ ti bàbá àgbà, wọ́n gbé àwo sí iwájú rẹ̀. Vendelin ń fa ẹ̀wọ̀n lọ lẹ́yìn àga, láti ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà dé àga òfìfo, dé tirẹ̀, ti Jolana, ti Bronka, ti àwọn ọmọ, títí dé ti Dorota. Ibẹ̀ ló parí sí. Àga Metod àti ti ìyá rẹ̀ ṣẹ́kù sóde ẹ̀wọ̀n.

"Kò burú," ni Otilia tètè wí. "Ẹ má da ara yín láàmú. Ó ti mọ́ èmi lára láti jẹ tòní lórí ìdúró."

"Yọ àga bàbá ẹ kúrò," ni Ìyá àgbà wí. "Á tó tí o bá yọ ọ́. Ọkọ mi ò nílò ẹ̀wọ̀n mọ́, níbi tó wà kò sẹ́ni tó ń dìde níbẹ̀."

"Rárá, Màmá."

Orí ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ Vendelin. Ó wo àga òfìfo, ó wo Otilia tó ti ń wá ibi tó máa dúró sí nínú ilé ìdáná. Dorota fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé tí òun bá bẹ̀bẹ̀ báyìí, bàbá òun á ṣe é nítorí òun, kò sì ní dénú rẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́.

"Metod," ni Vendelin pè é níkẹyìn. "Ẹ̀wọ̀n táyà yẹn dà?"

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ọmọ náà látìgbà ìsìnkú. Metod sáré mú un wá, ó ṣì tutù, ó ń ro omi sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n fi ìkọ́ táyà kọ́ ẹ̀wọ̀n màlúù, wọ́n sì fà á yí àga méjì tó kù, títí ó fi padà dé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà. Ó ṣẹ́kù díẹ̀ pàápàá.

Wọ́n jókòó. Jolana fi oyin sàmì sí iwájú orí olúkúlùkù. Wọ́n jẹ bísíkíìtì pẹlẹbẹ pẹ̀lú oyin àti aáyù, wọ́n jẹ ọbẹ̀ kábéèjì kíkan, wọ́n jẹ ẹja. Nígbà tí Jolana gbé ìkòkò ńlá wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Metod fi ọwọ́ méjèèjì di àga rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn bò ó. Fóònù rẹ̀ dún lórí fèrèsé, kò yíjú. Sẹ́véètì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò mú un.

"Ọmọ mi, o lè mí o," ni Ìyá àgbà sọ fún un. "Èémí ò sí nínú èèwọ̀."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, Vendelin náà bá wọn rín. Otilia ló ń sunkún ní tirẹ̀, ó ń sunkún ó sì ń jẹun lọ, kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni gbé oúnjẹ ka iwájú òun rí lálẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí Jolana ní oúnjẹ ti parí, tí wọ́n tú ẹ̀wọ̀n, Ìyá àgbà na ọ̀pá rẹ̀ sí Dorota. "Ó ku ìwọ àti bàtà."

Bí wọ́n ti ń ṣe é lálẹ́ yẹn nìyí: ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ á kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, á ju bàtà gba èjìká. Bí imú bàtà bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá a nílé bàbá rẹ̀. Dorota kò rí bàtà mìíràn nítòsí àfi bàtà síkì. Ó dijú, ó jù ú. Ó balẹ̀ gbì, onílé tó ń gbé lókè kan àjà sí wọn, bàtà náà yí gbirigbiri, ó dúró.

Sítóòfù ló kọjú sí.

Metod ń wo ilẹ̀.

Vendelin dìde. Ó rìn dé ìdí bàtà náà, ó dúró tì í, ó ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi orí ẹsẹ̀ rẹ̀ tì í díẹ̀díẹ̀, títí imú bàtà fi kọjú sí ilẹ̀kùn gbọnranran.

"Ilẹ̀ ilé yìí dagẹ̀rẹ̀," ni ó wí. "Bàtà yẹn yọ̀." Ó yíjú sí Metod. "Ìgò ọtí ọjọ́ yẹn ńkọ́? Àbí o ti mu ún?"

"Ó wà nínú mọ́tò, Bàbá."

"Nísàlẹ̀ òkè?"

"Nísàlẹ̀ òkè."

"Wọ bàtà ẹ," ni Vendelin wí, ó ń wá kóòtù rẹ̀. "Èmi àtìwọ la jọ ń lọ."